Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó, Ìrù Màlúù àti Ìkòkò Ọjọ́ Àìkú: Ìtàn Ẹran Sísè ní Jàmáíkà

Lọ́dún 1739, lẹ́yìn ogun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Jàmáíkà jókòó pẹ̀lú Cudjoe, olórí àwọn Maroon tó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Àwọn ẹrú tó sá gun òkè lọ, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ni à ń pè ní Maroon. Àwọn ọmọ ogun ọba ti lépa wọn títí, apá kò ká wọn. Ìwé náà sọ̀rọ̀ òmìnira, ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó tó 1,500 éékà, ó sì sọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní kí àwọn ènìyàn Cudjoe máa dọdẹ níbi tó bá wù wọ́n, àyàfi ibi tí kò bá tó máìlì mẹ́ta sí ibùdó tàbí ọgbà ẹran àwọn òyìnbó. Ó tún ní bí àwọn ọdẹ Cudjoe bá pàdé àwọn ọdẹ ibùdó mìíràn nínú igbó, kí wọ́n pín ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá pa sí méjì ọgbọọgba.

Kò wọ́pọ̀ kí ẹlẹ́dẹ̀ wọ inú ìwé tí a fi parí ogun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oúnjẹ Jàmáíkà ṣe di èyí tí ayé ń wá kiri, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ni ẹran? Ta ló láṣẹ láti pa á? Ta ló sì ní àkókò tí yóò fi dúró ti iná títí ẹran yóò fi rọ̀? Fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ìbéèrè mẹ́ta yìí ló ń darí oúnjẹ erékùṣù náà. Adùn tí à ń bá nínú ìkòkò wọn lónìí, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wá ìdáhùn sí wọn ló ti jáde.

Kí Columbus tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1494, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ ní Jàmáíkà, kò sí màlúù, kò sí ewúrẹ́. Ẹja, àkàn, ìjàpá òkun àti ẹyẹ ni àwọn Taino onílẹ̀ ń jẹ, pẹ̀lú ẹranko kékeré kan bí òkété tí wọ́n ń dẹ nínú igbó. Wọ́n ń gbin gbágùúdá, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sì ń yan án ní pẹlẹbẹ. Àwọn ará Jàmáíkà ṣì ń jẹ ẹ́ títí dòní, bammy ni wọ́n ń pè é. Bí ẹran tàbí ẹja bá sì wà, wọ́n á to igi tútù lé orí iná, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí rẹ̀ kí ooru àti èéfín máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Sípéènì tẹ̀dó síbẹ̀ lọ́dún 1509. Kò pẹ́ kò jìnnà, iṣẹ́ àṣekú, ìyà àti àrùn tó bá òyìnbó wọ̀lú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run àwọn Taino. Díẹ̀ nínú wọn sá lọ sórí òkè, ibẹ̀ sì ni àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó já gbà lóko ẹrú ti bá wọn. Ọgbọ́n igi tútù yẹn kò bá wọn kú.

Àwọn ará Sípéènì kò rí wúrà ní Jàmáíkà, nítorí náà wọn kò ka ibẹ̀ sí púpọ̀. Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n dà síbẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n kó wá já sí igbó, ó ń bí sí i, títí igbó fi kún fún un. Wọ́n ń ta awọ màlúù, wọ́n sì ń yọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń kó sọ́kọ̀ ní etíkun tí a mọ̀ sí Montego Bay lónìí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá gba erékùṣù náà lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1655, àwọn ẹrú tí àwọn ará Sípéènì fi sílẹ̀ kò dúró de ọ̀gá tuntun. Wọ́n gun òkè lọ, wọ́n sì bá ẹran tí kò ní olówó níbẹ̀.

Lọ́dún 1687, dókítà kan tó ń jẹ́ Hans Sloane bá gómìnà tuntun dé Jàmáíkà, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó ṣàpèjúwe àwọn ọdẹ tó ń fi ajá lépa ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Bí wọ́n bá pa á, wọ́n á là á, wọ́n á yọ eegun rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ ya ẹran náà láti inú títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan awọ, wọ́n á rọ iyọ̀ sí ojú ibi tí wọ́n ya, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Jerk ni wọ́n ti ń pe iṣẹ́ yìí nígbà náà. Ẹran tó lè rìnrìn àjò ni wọ́n ń ṣe, ẹran tí kò ní bàjẹ́ kó tó dé ìsàlẹ̀ òkè fún títà.

Àwọn Maroon ló sọ ọ́ di oúnjẹ. Ní apá ìlà oòrùn, ní àwọn òkè Blue Mountains àti John Crow tó wà ní Portland, òjò pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ ní gbogbo erékùṣù náà. Ẹran tí a bá sá síbẹ̀, kí ó tó gbẹ ni yóò ti rà. Iná àti èéfín ló bá ibẹ̀ mu. Igi kan sì wà tí Ọlọ́run fi jíǹkí wọn, igi pimento, tó hù fúnra rẹ̀ ní Jàmáíkà. Èso rẹ̀ kéékèèké, bí ó bá gbẹ tí a gún un, òórùn kànáfùrù àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì ni yóò máa ti ibẹ̀ jáde. Ewé rẹ̀ ń ta sánsán, igi rẹ̀ pàápàá ń ta sánsán. Wọ́n á fi èso náà pẹ̀lú iyọ̀ àti ata rodo gún ẹran lára, wọ́n á fi ẹ̀ka tútù ṣe pẹpẹ lórí ẹyin iná, wọ́n á sì fi ewé bo ẹran náà mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ata rodo yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú èyí tí à ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ nílé wa. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti bá ọkọ̀ òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ará Jàmáíkà kò ní láti kọ́ wa bí a ṣe ń jẹ ẹ́.

Ìtàn tí àwọn Maroon ń sọ fún àwọn ọmọ wọn ni pé kòtò ni àwọn baba wọn gbẹ́ sí ilẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí èéfín má baà ga sókè kí sójà fi mọ ibi tí wọ́n wà. Obìnrin akíkanjú tó jẹ́ olórí wọn ní ìlà oòrùn nígbà ogun náà, Nanny, ni àwòrán rẹ̀ wà lára owó 500 dọ́là Jàmáíkà lónìí. Mo gba ìtàn kòtò náà gbọ́. Ẹni tí wọ́n ń lépa kò lè dáná ní gbangba, kò sì lè máa dáná lójoojúmọ́. Ẹran tí a bá ti yan, tí iyọ̀ àti ata ti wọ inú rẹ̀, yóò gbé e la ọjọ́ púpọ̀ já. Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí tí ẹni tó bá fẹ́ràn ẹran náà kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́: ìwé àdéhùn kan náà tó jẹ́ kí wọ́n máa dọdẹ ló dè wọ́n pé kí wọ́n máa dá ẹrú tó bá sá wá bá wọn padà fún olówó rẹ̀. Ẹni tó wà lórí òkè ń jẹ ẹran tirẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń wo èéfín.

Nígbà tó di ọdún 1802, Maria Nugent, ìyàwó gómìnà, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n ṣe àwọn lálejò ní ìgbèríko, ẹlẹ́dẹ̀ tí a sè ní ọ̀nà àwọn Maroon ni wọ́n gbé ka àárín tábìlì. Oúnjẹ ẹni tí ìjọba ń wá pa ti di oúnjẹ ìyàwó gómìnà láàárín ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀.

Nísàlẹ̀, lóko ìrèké, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Olóko ka ẹrú sí ohun èlò tí a gbọ́dọ̀ náwó díẹ̀ lé lórí. Ẹja oníyọ̀ láti Newfoundland àti láti àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó wá fún un nínú àgbá, àti ẹja herring. Ẹran màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ń wá láti Áyálándì, ṣùgbọ́n ẹrú kì í sábà fojú rí i bí kò bá ṣe ìgbà Kérésìmesì tàbí ìgbà tí wọ́n bá parí ìkórè. Ìyẹn ìrù ẹlẹ́dẹ̀, etí, imú, àwọn ibi tí tábìlì ọ̀gá kò fẹ́. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti wọlé tí kò tíì jáde nínú ilé ìdáná Jàmáíkà: ẹran oníyọ̀ di ohun tí a fi ń mú ọbẹ̀ dùn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí iyọ̀ rẹ̀ lè dín, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò ẹ̀wà pupa, tàbí sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ilá tí wọ́n ń pè ní pepperpot. Ẹran tó kéré tó ìka méjì á gbọ́ ti ènìyàn mẹ́jọ. Àwọn ìyá àgbà kò ní fi iyọ̀ mìíràn sí i. Ìrù ẹlẹ́dẹ̀ ti ṣe é tán. Ìrù ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ṣì ń bá ọkọ̀ wọ Jàmáíkà títí di àsìkò tiwa yìí, kì í ṣe pé ẹlẹ́dẹ̀ tútù wọ́n, adùn yẹn ni wọ́n ń wá.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láàárín ọdún 1780 sí 1787, ìjì líle ń ya lu erékùṣù náà ní àyabọ̀ọ̀yabọ̀, ogun òmìnira Amẹ́ríkà sì ti dí ọ̀nà ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ wá. Àwọn aṣòfin Jàmáíkà fúnra wọn, tí wọ́n jẹ́ olóko, ṣírò rẹ̀ pé bí ẹrú 15,000 ni ebi àti àrùn tó bá ebi rìn pa. Ilẹ̀ tó lọ́ràá jù ni wọ́n fi gbin ìrèké tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ yó.

Iyọ̀ inú àgbá ẹja àti ẹran yẹn wọ àwọn ẹrú náà lọ́kàn gan-an. Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà ní Jàmáíkà pé ẹni tí kò bá jẹ iyọ̀ lè fò padà sí Áfíríkà. Àwọn tó ti jẹ iyọ̀ òyìnbó, ara wọn ti wúwo, wọn kò lè gbéra mọ́. Títí dòní, níbi Kumina, ìjọsìn tí àwọn ọmọ Kóńgò mú wá sí apá ìlà oòrùn, wọ́n á pa ewúrẹ́, wọ́n á sì se oúnjẹ àwọn baba ńlá láìfi iyọ̀ sí i. Mo máa ń ronú lórí èyí púpọ̀. Àwọn tó ń jẹ àgbá ẹja oníyọ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé oúnjẹ náà ń dá àwọn dúró síbẹ̀, wọ́n sì rántí èyí nínú oúnjẹ tí wọ́n ń gbé fún àwọn òkú wọn.

Ilẹ̀ òkè tí ìrèké kò fẹ́ ni ọ̀gá ń fún ẹrú láti fi bọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbin iṣu, kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata, òtílí. Ní ẹ̀yìn ahéré wọn ni wọ́n ń sin ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ àti ewúrẹ́. Òfin ká wọn lọ́wọ́ kò lórí màlúù: kò fẹ́ kí ẹrú ní in, kò sì fẹ́ kí ó ta ẹran rẹ̀, nítorí ọ̀gá ló ni màlúù àti pápá tí màlúù ń jẹ. Ohun tó fà á nìyí tí adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ fi jẹ́ ẹran tálákà ní Jàmáíkà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí màlúù sì wọlé láti ibi orí, ẹsẹ̀, ìfun àti ìrù rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kó lóko ni wọ́n ń rù lọ sí ọjà ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí Edward Long kọ ìwé ìtàn Jàmáíkà rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1774, ó kíyè sí i pé ọwọ́ àwọn ẹrú ni èyí tó pọ̀ nínú owó kéékèèké erékùṣù náà wà. Owó ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ wà nínú rẹ̀.

Oko ẹrú parí pátápátá ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 1838. Àwọn ìjọ Bàptíìsì àti àwọn míì ti ń ra ilẹ̀ tí wọ́n ń pín fún àwọn tó dòmìnira. Sligoville ní òkè St Catherine, tí oníwàásù James Phillippo dá sílẹ̀ lọ́dún 1835, wà lára àwọn abúlé àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti ní àgbàlá tirẹ̀, ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, òkúta mẹ́ta, igi, àti ìkòkò irin tí ìdí rẹ̀ nípọn tí wọ́n ń pè ní dutchie. Ọjọ́ Àìkú ti jẹ́ tiwọn kí gbogbo ọjọ́ yòókù tó jẹ́ tiwọn, ọjọ́ Àìkú náà ni wọ́n sì fi ẹran sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìkòkò ọjọ́ Àìkú ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn oúnjẹ yìí wà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni alápatà ti ń pa màlúù. Ní ọjọ́ yẹn, ọbẹ̀ ni gbogbo ilé ń sè: eegun màlúù, elégédé tó ti yọ́ sínú omi, iṣu, kárọ́ọ̀tì, àti ìyẹ̀fun tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ yí gùn-ún-gùn-ún bọ inú rẹ̀. Èyí ń jẹ́ kí ìyá ilé ráyè fún ẹran ọ̀la. Lálẹ́ ni wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan fọ adìẹ tàbí ẹran màlúù náà. Lójú wọn, ẹran tí a kò fọ̀, ẹ̀gbin ni. Wọ́n á wá fi àlùbọ́sà eléwé, ewé táìmù, ááyù, atalẹ̀, èso pimento àti ata rodo pa á lára, wọ́n á bò ó mọ́jú. Láàárọ̀, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbọn èròjà náà kúrò lára ẹran, wọ́n á din ín nínú òróró tó ti gbóná, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ tí wọ́n jẹ́ kó jó títí yóò fi dúdú tí kíkorò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ṣúgà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe fún òyìnbó, àwọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n á dá èròjà padà, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i, wọ́n á de ìkòkò.

Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìkòkò kejì wà: ìrẹsì àti ẹ̀wà pupa. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún omi rẹ̀ sórí ẹ̀wà tó ti rọ̀, wọ́n á da ìrẹsì sí i, wọ́n á sì gbé ata rodo kan odidi lé e lórí. Ata náà kò gbọ́dọ̀ bẹ́. Òórùn rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ kó wọ ìrẹsì. Bí ó bá bẹ́, kò sẹ́ni tí yóò lè fi ẹnu kan oúnjẹ náà, ìyá ilé yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà Kérésìmesì, tí òtílí bá ti gbó lóko, òtílí ni wọ́n á fi rọ́pò ẹ̀wà pupa. Ilé tó bá se èyí lọ́jọ́ Àìkú, kò tíì ṣe tálákà tán lójú ara rẹ̀.

Àwọn olóko tí kò rí ẹrú lò mọ́ ránṣẹ́ sí Íńdíà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1845, ọkọ̀ Blundell gúnlẹ̀ sí Old Harbour Bay pẹ̀lú àwọn ọmọ Íńdíà tó tọwọ́ bọ̀wé láti ṣiṣẹ́ lóko fún ọdún mélòó kan. Títí di ọdún 1917, àwọn tó lé ní 36,000 ló dé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn láti apá àríwá Íńdíà. Wọ́n bá àwọn aláwọ̀ dúdú lóko kan náà, lábẹ́ oòrùn kan náà, owó iṣẹ́ wọn kò sì tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹnu kan màlúù, àwọn míì kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ewúrẹ́ ni ẹran tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò kọ̀. Ìyẹn ni kọ́rì fi pàdé ewúrẹ́. Wọ́n á jẹ́ kí òróró gbóná, wọ́n á da kọ́rì sí i kó jó díẹ̀ títí atalẹ̀ pupa inú rẹ̀ yóò fi ta òórùn, kí wọ́n tó da ẹran sí i. Èyí ti Íńdíà ni. Táìmù, pimento àti ata rodo tó bá a wọ inú ìkòkò, ti Jàmáíkà ni. Láàárín ìran mélòó kan, kọ́rì ewúrẹ́ kúrò ní oúnjẹ àjèjì, ó di ohun tí a kò lè ṣe ìgbéyàwó láìsí i. Àwọn ará Ṣáínà náà dé láti ọdún 1854, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí gbogbo orígun, omi ẹ̀wà sóyà wọn sì wọ inú èròjà ọjọ́ Àìkú.

Ní àsìkò yìí kan náà ni àwọn ènìyàn wa dé. Lẹ́yìn ọdún 1841, àwọn ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú lórí òkun ni wọ́n ń kó láti Sierra Leone àti St Helena lọ ṣiṣẹ́ ní Jàmáíkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ tẹ̀dó sí Westmoreland àti Hanover, ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà, ibi kan sì wà ní Westmoreland tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abeokuta títí dòní. Ní Hanover, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń ṣe Etu: ìlù, ijó, àti àsè tí wọ́n ń sè fún àwọn tó ti lọ. Orí mi máa ń wú bí mo bá ń kà nípa wọn. Ẹni tí wọ́n jí gbé lójú ogun nílẹ̀ Yorùbá, tó la ọkọ̀ méjì kọjá, tó sì tún fi àsè bọ àwọn baba rẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Bí wọ́n bá pa ewúrẹ́ ní Jàmáíkà, kò sí ohun tó ń ṣòfò. Ẹran ara rẹ̀ lọ sínú kọ́rì pẹ̀lú eegun rẹ̀. Ẹni tó bá yọ eegun kúrò, ojú tálákà adùn ni wọ́n fi ń wò ó. Orí, ẹsẹ̀, ìfun àti kóró òbúkọ lọ sínú ìkòkò ńlá mìíràn tí wọ́n ń pè ní mannish water, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, iṣu, ìyẹ̀fun yíyí àti ata tó pọ̀. Ọkùnrin ló sábà máa ń sè é, níta gbangba, lórí igi, láti òru mọ́jú. Wọ́n ń gbé e fún ọkọ ìyàwó kí ara rẹ̀ le. Wọ́n ń pín in nínú ife níbi àìsùn òkú, ìyẹn àwọn òru mẹ́sàn-án tí aládùúgbò fi ń wá bá olóògbé ṣe ẹ̀yẹ. Ilé tí òkú ti ṣẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣofo, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ebi pa àlejò. Yorùbá tó bá dé ibi irú òkú bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìrù màlúù náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹran díẹ̀ ni, eegun ni, ọ̀rá ni, iṣan ni. Ẹni tó bá ń kánjú kò lè rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí alápatà fi ń ta á ní owó pọ́ọ́kú nígbà kan rí. Wọ́n á gé e ní oríkèé, wọ́n á fi èròjà pa á, wọ́n á din ín títí yóò fi pọ́n, wọ́n á wá fi iná jẹ́jẹ́ sè é fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí iṣan inú rẹ̀ yóò fi yọ́, tí omi ọbẹ̀ yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ètè. Ní ìparí ni wọ́n ń da ẹ̀wà funfun ńlá sí i. Ẹsẹ̀ màlúù ń gba ọ̀nà kan náà, ṣàkì náà ń gbà á. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó nínú àgbàlá kan náà ní Kingston a máa dá owó jọ, ẹnì kan á mú ìrẹsì wá, ẹnì kejì á mú ẹ̀yìn adìẹ, ẹnì kẹta á dúró ti iná; wọ́n ń pè é ní run a boat. Mo gbà pé oúnjẹ tí a dáwó sè bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn la àwọn ọdún tó le já.

Àwọn kan dìde láàárín wọn tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀. Leonard Howell, tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Rasta, kó àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lọ sí Pinnacle lọ́dún 1940, lórí òkè tí kò jìnnà sí Sligoville. Ọ̀pọ̀ Rasta kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rárá, àwọn míì kì í jẹ ẹran kankan, ọ̀pọ̀ kì í sì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ. Ital ni wọ́n ń pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ fò padà sí Áfíríkà ni wọ́n tún ń sọ: àgbá iyọ̀ ọ̀gá, a kò jẹ ẹ́ mọ́.

Jerk ní tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ní Boston Bay, ní Portland, ní ẹ̀bá òkun, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lẹ́bàá ọ̀nà, ní orí igi pimento, tí wọ́n fi páànù bò mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé Kingston, níbi tí wọ́n ti la àgbá epo sí méjì fi ṣe ààrò. Adìẹ borí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìtàn yìí, nítorí ọ̀pọ̀ tí ẹ̀sìn wọn kọ ẹlẹ́dẹ̀ kò kọ̀ ọ́, ó sì ń tètè jinná. Ní gbogbo ayé báyìí, wọ́n ń ta èròjà jerk nínú ìgò, ẹni tó bá sì fi pa adìẹ lára, tó kì í bọ inú ẹ̀rọ ìyan ẹran, á ní òun ti se jerk. Kò sè é. Láìsí èéfín igi yẹn, láìsí wákàtí tó gùn, ata lásán ló ń jẹ. Àjọ UNESCO kéde àṣà àwọn Maroon ti ìlú Moore Town gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà ọmọ aráyé lọ́dún 2003, wọ́n sì fi àwọn òkè Blue Mountains àti John Crow kún ogún ayé lọ́dún 2015. Èyí dára. Èmi a fẹ́ kí wọ́n dáàbò bo igi pimento náà pẹ̀lú.

Nígbà tí ọkọ̀ Empire Windrush dé England ní oṣù kẹfà ọdún 1948, àwọn ará Jàmáíkà tó wà nínú rẹ̀ kò bá ata rodo, kò bá iṣu, kò bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà. Àwọn alápatà London ń ta ìrù, ẹsẹ̀ àti orí ẹran ní owó tí kò tó nǹkan, nítorí àwọn oníbàárà wọn kò bìkítà fún un. Àwọn ìyá náà rà á, wọ́n gbé e sórí iná gáàsì nínú yàrá kan tí ìdílé mẹ́ta jọ ń lò, wọ́n sì fi ọjọ́ Àìkú sè é. Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà Brixton kún fún ẹrù wọn. Nígbà tí àwọn Yorùbá náà wá pọ̀ ní Peckham àti Dalston, ìsọ̀ kan náà ni wọ́n ń ná. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n jọ ń tò síwájú alápatà: ti Jàmáíkà ní kí wọ́n gé ìrù fún òun ní oríkèé, tiwa ní kí wọ́n jó irun ẹsẹ̀ màlúù náà dáadáa, kí wọ́n má bó awọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ṣa ata rodo nínú agbọ̀n kan náà.

Owó ìrù ti gòkè báyìí. Àwọn ilé oúnjẹ ńlá ti gbọ́ òórùn rẹ̀, àwọn tó ń se oúnjẹ lórí tẹlifíṣọ̀n ti pòkìkí rẹ̀, kìlógíráàmù rẹ̀ kan sì ti ju ti ẹran ara tó dára lọ ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀. Ìyá tó ń sè é ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà kan ti fi sí ìgbà ọjọ́ ìbí àti Kérésìmesì. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ yòókù, ìdajì ìrù ló ń rà, ó ń fi eegun ọrùn àti ẹsẹ̀ màlúù kún un, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.